Ilẹ̀ Tó Ń Yọ̀

Kí Taimi, ìyá ìyá mi, tó wọ mọ́tò,
ó fi gìgísẹ̀ bàtà ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
"Ó ń yọ̀," ló wí. "Má bá a yọ̀."
Aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn ti wọ̀ ní Kemijärvi,
òtútù ń so irun imú pọ̀ bí òwú ṣe ń so etí aṣọ.
Mo fi ike fá yìnyín lójú gíláàsì,
mo lu ihò kékeré kan, mo ní ó tó.
Ó gba ike lọ́wọ́ mi, ó fá gbogbo rẹ̀ dé iná ẹ̀yìn:
"Ẹni tó ń yọjú láti inú ihò, eku ni."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa tírélà wàrà.
Ìdí tó fi jókòó ló fi ń gbọ́ ọ̀nà.
Ó ní ọ̀nà tó funfun kò burú,
ó ń hàn, ó ń dún rùmùrùmù lábẹ́ táyà.
Èyí tó dúdú, tó dán gbinrin,
tó dákẹ́ bí olè lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
òun ni kí n bẹ̀rù.
Bí ariwo táyà bá dá lójijì,
má fò mọ́ bíréèkì bí ẹni tó tẹ ejò.
Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Mí.
Ibi tí o fẹ́ lọ ni kí o wò, má wo igi;
ẹni tó bá tẹjú mọ́ igi, igi ní í gbà á lálejò.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀, iná méjì yọ lẹ́yìn wa,
ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú,
ó sún mọ́ wa bí ẹni fẹ́ ka owó àpò wa.
Ọrùn mi gan. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo.
"Ta ló ń wa mọ́tò yìí?" Taimi bi mí,
"ìwọ ni, àbí ẹni tó wà lẹ́yìn?"
Mo ya sí ọ̀tún díẹ̀, mo dín eré kù.
Fìà! Mọ́tò pupa,
ó da ìyẹ̀fun yìnyín bò wá lójú,
mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, n kò rí nǹkan kan.
Tírélà agbégi ń bọ̀ níwájú,
fèrè rẹ̀ gùn bí ẹkún ìyá olókùú.
Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bọ́. Ó bọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí a dé orí afárá,
"Ibí ni," Taimi wí, bí ẹni ń tọ́ka ilé ìtajà.
"Ọdún tí ìyá rẹ wọ iléèwé.
Mo ti fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Ogún ìṣẹ́jú péré.
Tírélà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí màlúù tó rẹ̀,
wàrà ń dà, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lítà,
funfun ń wọnú funfun,
mo dúró, n kò mọ ibi tí àdánù mi parí sí."
Kò sọ̀rọ̀ ìbàdí rẹ̀.
Ìgbà yẹn ló ti ń tiro.

Kò pẹ́, a bá mọ́tò pupa nínú kòtò,
imú rẹ̀ nínú yìnyín, ìdí rẹ̀ lójú sánmà,
iná rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú
bíi pé ó ṣì ń lé ẹnì kan.
Mo rọra dúró lókèèrè,
mo gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ní igba ìṣísẹ̀.
Arttu lorúkọ rẹ̀. Kò dé fìlà. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.
Ó ní òun kò tilẹ̀ pẹ́ lọ síbi kankan.
Mo ń retí pé kí Taimi bú u.
Ó da kọfí sínú ìdérí fìláásì fún un,
ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀kan péré, ó fi wọ̀ ọ́.

Àádọ́ta ni mo wà títí dé ìlú.
Arttu jókòó lẹ́yìn, ó di bẹ́líìtì,
ó ń wo ojú aago eré, kò sọ pé mo falẹ̀.
Lẹ́bàá ọgbà igi, àgbọ̀nrín méjì bọ́ sójú ọ̀nà.
A dúró.
Wọn kò kánjú.